Òwe Kì í Dé Ìdí Iná

Sàlámì Àkànní, Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà Mọjọ̀, ọmọ ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Àkànní tí í yọ́ irin bí ẹni yọ́ òrí. Àkànní tí iná ń wárí fún. Ọkọ Sàbítíù, baba Ràmátù, ọ̀gá mi, ọ̀gá Múnírù, ọ̀gá gbogbo ẹni tó bá ti rọ ìkòkò sílífà rí láàárín àwa Yorùbá Wagadúgù. Ó ti lọ. Àgbàlá rẹ̀ ní Dapoya ṣì ń rùn fún èéfín èédú, ṣùgbọ́n òun alára kò sí níbẹ̀ mọ́.

Èmi Ràáfíù Àjàní ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Kéú ni mo kọ́ ní Gánà, tíṣà kan tó ń jẹ́ Mùsá sì fi ABD díẹ̀ lé e fún mi. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, ẹ bá mi tò ó. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo lẹ máa ṣe ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Káfáyà ọmọ ọmọ mi ní iṣẹ́ bureau lòun fẹ́, níbi tí ẹ̀rọ á ti máa fẹ́ atẹ́gùn tútù sóun lára. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbọ́ bí èmi ṣe lo tèmi.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Lọ́dún tí wọ́n ní kí àwa àlejò kó ẹrù wa kúrò ní Gánà, bàbá mi kó wa wá sí ìlú yìí. Ó pàdé Sàlámì, ọmọ Ọ̀fà bíi tirẹ̀, ó sì fà mí lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ rẹ nìyí. Bó bá gbọ́n, ìwọ lo kọ́ ọ. Bó bá gọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ti gbé e wá." Owó tí wọ́n san, mi ò bèèrè títí dòní.

Mo bá Múnírù níbẹ̀. Ọmọ Ẹ̀jìgbò ni, àmọ́ Bouaké ni wọ́n bí i sí, èdè Jùlá ibẹ̀ ló sì kọ́kọ́ gbọ́ kó tó gbọ́ Yorùbá. Orí ẹní kan la jọ ń sùn, nínú abọ́ kan la jọ ń jẹun. Bí ẹ bá rí èmi, ẹ ti rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. A máa ń ra àlòkù: ìkòkò tó ti lu, irin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ohunkóhun tó bá jẹ́ sílífà. Èédú la fi ń yọ́ ọ, ẹwìrì la fi ń fẹ́ iná rẹ̀. A ó tẹ ìkòkò kan mọ́ inú yanrìn kí yanrìn gba àwòrán rẹ̀, a ó yọ ọ́ jẹ́jẹ́, a ó wá da irin yíyọ́ sí ojú àyè rẹ̀. Bó bá tutù, ìkòkò tuntun dé. Gbogbo àṣírí rẹ̀ wà nínú yanrìn yẹn. Ó gbọ́dọ̀ rin díẹ̀ kó lè dì mọ́ra. Bó bá rin jù, iná á bá omi jà, àwa èèyàn la ó sì wà láàárín wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, yanrìn nìkan ni mo ń jọ̀. Mo jọ̀ ọ́ títí mo fi ń lá àlá rẹ̀. Nígbà tí mo ráhùn, ọ̀gá mi kò wo ojú mi, ó kàn ní, "Ìkòkò tí yóò jẹ ata…"

Ó sì dákẹ́.

Bí ọ̀gá mi ṣe ń kọ́ni nìyẹn. Ìdajì òwe ló máa ń sọ, ìwọ lo máa parí ẹ̀. Mo ní, "Ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, Bàbá." Ó ní, "O mọ̀ ọ́n, o wá ń sunkún." Ẹni tí kò bá mọ ìdajì kejì ni yóò lọ kó yanrìn lọ́dọ̀ Ìdírísà, ọmọ ìlú yìí, ẹ̀yà Moose, tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé yanrìn wá láti etí omi Tanghin. Múnírù ló máa ń lọ. Bí Ìdírísà bá ti rí i lókèèrè, á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Yorùbá, òwe tún ti lé ọ dé? Barka, o ṣeun, èmi ló ń rọ̀ lọ́rùn."

Kì í ṣe pé Múnírù gọ̀ o. Ọmọ náà kàn ń lo orí ara rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ní, "Ilé ọba tó jó…"

Múnírù ní, "Ẹ pe pọ́ńpìyé, Bàbá! Kí wọ́n wá paná!"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀mú fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ràmátù ìyàwó rẹ̀ yọ orí láti ilé ìdáná, ó ní, "Ọmọ yìí gbọ́n jù yín lọ. Ilé ń jó, ta ló ń pa òwe níbẹ̀?"

Mo rọra rí i pé gbogbo iṣẹ́ náà ló ní òwe tirẹ̀. Tí ọwọ́ mi bá yá jù nígbà tí mo ń yọ ìkòkò kúrò nínú yanrìn, á ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú…" Kí n tó dáhùn pé kì í bàjẹ́, ọwọ́ mi á ti rọ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ nígbà náà, Lásísì lorúkọ rẹ̀, tó fi ìda àti èédú dí ihò ìkòkò kan kí oníbàárà má bàa rí i. Ọ̀gá yẹ ìkòkò náà wò, ó ní, "Lásísì, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún…" Ọ̀gá fi òòlù fọ́ ìkòkò náà, ó kó o padà sínú iná. Kò nà án, kò bú u. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ purọ́, màá gbọ́ ìró òòlù yẹn.

Kò túmọ̀ òwe fún wa rí. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé. Ó ní òwe tí wọ́n bá túmọ̀ fún èèyàn, oúnjẹ tí ẹlòmíràn ti jẹ lẹ́nu ni.

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti dé ibi tí kò wù mí í dé.

Òjò pọ̀ lọ́dún náà. Onílẹ̀ wa sì ń sọ pé òun fẹ́ gba àgbàlá Dapoya yẹn padà, kí a kó iná wa lọ síbòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà ti sú gbogbo ilé, a kì í sọ nǹkan mìíràn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ọ̀gá lọ bá onílẹ̀ náà fún ìgbà ìkẹyìn. Ó ní kí a máa yọ́ irin sílẹ̀ de òun. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. A ti fi tapolíìnì bo yanrìn tí a ti tò, nígbà tí a sì ṣí i, òkè rẹ̀ dáa, ó rí bó ṣe yẹ. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé omi ti gba abẹ́ ògiri wọlé, ó sì ti ń fà sókè láti ìsàlẹ̀.

Irin yọ́. Múnírù fi ẹ̀mú gbé e, ó ń lọ sídìí yanrìn. Èmi wà nídìí ẹwìrì. Bí ọ̀gá ṣe ti ẹnu ọ̀nà wọlé, ojú rẹ̀ bọ́ sí omi tó ń jáde lẹ́sẹ̀ ògiri. Ó kígbe:

"Múnírù! Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu o!"

Òwe ni Múnírù gbọ́. Òwe ni èmi náà gbọ́. Bí nǹkan bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe ni Yorùbá máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ onílẹ̀ ni ọ̀gá sì ti ń bọ̀. A rò pé wọ́n ti lé wa nìyẹn. Múnírù mi orí. Ó ní, "Ọlọ́run á bá wa tún un ṣe, Bàbá." Ó sì da irin sínú yanrìn.

Ó dún bí ìgbà tí táyà ọkọ̀ àjàgbé bá bẹ́. Irin fò sókè, ó tú ká bí omi. Nígbà tí èéfín ṣí, Múnírù jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú, kò pariwo. Ọ̀gá ló ń pariwo. Orí kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Ìdírísà la gbé e sí lọ sí ọsibítù, ọ̀gá ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìwọ bàtà. Wọ́n gba ojú ọ̀tún là. Ojú òsì fọ́.

Onílẹ̀ náà kò lé wa rárá. Ó ti gbà pé kí a máa gbé. Ìròyìn ayọ̀ ni ọ̀gá ń mú bọ̀ láàárọ̀ náà.

Láti ọjọ́ yẹn, òwe tán lẹ́nu Sàlámì Àkànní. Ọkùnrin tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè síbi ìsọmọlórúkọ láti Dapoya dé Tanghin kí ó lè wá fi ọ̀rọ̀ dùn wọ́n nínú! Nígbà tí Ràmátù ọmọ rẹ̀ bímọ, wọ́n ní kí bàbá àgbà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọlọ́run á wò ó." Ó jókòó. Lẹ́nu iṣẹ́, "gbé e," "dúró," "ó tó" nìkan ló kù. Ìyá Ràmátù máa ń fẹ́ fi yẹ̀yẹ́ fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀: "Bàbá Ràmátù, ọkà yìí gbẹ, ẹ jẹ́ ká rí òwe kan fi jẹ ẹ́." Á ní, "Fún mi lómi." Ilé wa tutù, bí ẹni pé òkú wà nínú yàrá.

Múnírù padà dé pẹ̀lú ojú kan. Iná rẹ̀ ló ń wá bọ̀. Ó kù díẹ̀ kó gba òmìnira lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹlẹ̀, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn láyé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ̀mú mi dà?"

"Jọ yanrìn," ni ọ̀gá wí.

"Mo ti jọ̀ ọ́ rí, Bàbá. Mo ti kúrò níbẹ̀."

"Jọ yanrìn, Múnírù."

Ó jọ yanrìn. Ó rò pé ìjìyà ni. Èmi mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba ọ̀gá. Bí Múnírù bá ti sún mọ́ iná báyìí, ọ̀gá á ti fò dìde. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ọ́? Múnírù wá dá ọgbọ́n kan. Láràárọ̀, bó bá ti kí ọ̀gá tán, á ní, "Tótó o, ó ṣe bí òwe," á sì ju ìdajì òwe kan sílẹ̀, á dúró kí ọ̀gá parí rẹ̀. Ọ̀gá á kọjá lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé ìgbà òjò, òwe rẹ̀ ń ṣubú sílẹ̀ bí àgbàdo tí adìyẹ kọ̀ láti ṣà.

Nígbà tó sú u, ó di ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn moto, ìyẹn alùpùpù, ó ní Abidjan lòun ń lọ, kí òun lọ máa ta bàtà lọ́dọ̀ arákùnrin ìyá òun. Ìyá Ràmátù ń sunkún. Ọ̀gá jókòó sórí àpótí, ó ń wo ilẹ̀. Múnírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku.

"Tótó o, Bàbá, ó ṣe bí òwe. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ…"

Ó dúró. Múnírù gbé orí sókè, ó ní, "…kó lọ gbé àga."

"Ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè!" Ọ̀gá ti dìde. "Àga wo? Ta ló fún ọ ní àga? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè! Báwo lo ṣe máa dé Abidjan tí o máa máa bá mi ba òwe jẹ́ káàkiri?"

Ẹ̀rín pa wá, omi sì wà lójú wa. Mo rò pé ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀gá tó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó wọlé, ó mú ẹ̀mú kúrò lára ìṣó, ó fi í lé Múnírù lọ́wọ́. Ó ní, "Tú ẹrù yẹn."

Láti ọjọ́ náà ni òfin kan ti wà ní àgbàlá wa, ó sì wà ní ti gbogbo ẹni tó bá jáde níbẹ̀: òwe kì í dé ìdí iná. Bí irin bá ti wà lókè, ọ̀rọ̀ gbangba la ń sọ. Bó bá ti tutù, ẹ máa pa òwe yín dé ọ̀run. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí bureau, ẹ mú èyí dání. Gbogbo ayé ló ń sọ pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹṣin a máa gbé èèyàn ṣubú. Ẹ mọ ibi tí ẹ ti máa sọ̀ kalẹ̀ fẹsẹ̀ rìn.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan kù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá ẹ̀mú padà fún un, mo ń bá Múnírù yọ̀. Ó ní, "Ràáfíù, òwe ló fi fọ́ mi lójú. Òwe náà ló fi bẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ ni mò ń dúró dè."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ wo?"

"Bó bá sọ ọ́, màá mọ̀ ọ́n."

"Lọ bi í, kí ẹ yanjú ẹ̀."

"Èyí tí mo bá tọrọ, tèmi ni. Tirẹ̀ ni mo fẹ́."

Ó sì dúró. Ó gba òmìnira, ó gbéyàwó, ó dá àgbàlá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Tanghin. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń wá kí ọ̀gá, tó ń gbé ẹja tàbí ẹ̀fọ́ etí omi wá fún Ìyá Ràmátù. Wọ́n á jọ pa òwe, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bó bá ń lọ, á wò mí, á mi orí: kò tíì sọ ọ́.

Iṣẹ́ náà yí lójú wa. Ẹwìrì awọ ewúrẹ́ ni mo bá níbẹ̀. Pọ́ọ̀lù ará Kútọnu, tó ń tún moto ṣe, bá wa fi rímù kẹ̀kẹ́ yí fáànù kékeré kan. Lẹ́yìn rẹ̀, fáànù iná mànàmáná dé. Ọ̀dọ́ tó bá wà nídìí ẹ̀ kàn ń tẹ bọ́tìnnì ni, á ní "d'accord, tonton," ó ti gbà nìyẹn, á máa wo fóònù. Tí wọ́n bá wá mú iná lọ, irin á dì sínú ìkòkò, Múnírù á kígbe pé, "Ewúrẹ́ tó ti kú kì í mú iná lọ!" Àlòkù náà yí. Agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ń kó wá báyìí, ìdàrọ́ rẹ̀ ju irin rẹ̀ lọ. Ìkòkò Ṣáínà dé, ó fẹ́lẹ́, ó ń dán, ó ní ìdérí gíláàsì. Àwọn ìyàwó ilé ní Ouaga 2000, àdúgbò olówó, kò fẹ́ tiwa lórí gáàsì wọn. Ṣùgbọ́n bí ìgbéyàwó bá dé, wọ́n á rán dẹ́rẹ́bà wá sí Tanghin kó wá wá ìkòkò tó lè gbé odindi àgùntàn mì. Iṣẹ́ tí ayé bá fẹ́ pa tì, ẹ wò ó dáadáa bóyá ibì kan ṣì wà tí wọn ò ti lè ṣe é láìsí i. Ibẹ̀ ni kí ẹ jókòó sí.

Èmi fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀yìn kò gbà mí láàyè mọ́. Lásísì ti kú, Ìdírísà ti kú, Pọ́ọ̀lù padà sílé, mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá Ràmátù ṣáájú ọkọ rẹ̀ lọ. Nígbà tó lọ, Múnírù kó ọ̀gá lọ sílé rẹ̀ ní Tanghin. Kò bi ẹnikẹ́ni.

Àìsàn ìkẹyìn yẹn mú ẹnu ọ̀gá lọ díẹ̀díẹ̀. Mò ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà mìíràn á pe Múnírù ní orúkọ bàbá òun fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn á máa pàṣẹ fún èmi kí n jọ yanrìn. Múnírù ń wẹ̀ ẹ́, ó ń pa á láṣọ dà, ó ń fi ṣíbí fún un ní kókò, ìyẹn ẹ̀kọ mímu. Mo bi í pé ṣé ó ṣì ń dúró. Ó ní, "Èmi náà ti darúgbó, Ràáfíù. Bí kò bá sọ ọ́ báyìí, mi ò ní gbọ́ ọ láyé." Ẹ̀rù bà mí fún un, torí pé mo rí i pé ọ̀gá ń lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun, Múnírù na ṣíbí sí i. Ọ̀gá yí ojú kúrò. Ojú rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà bí ti ẹni tó sùn jí.

"Múnírù."

"Bàbá."

"Sún mọ́ mi."

Ó sún mọ́ ọn. Ọ̀gá na ọwọ́, ó gbé e lé ojú òsì tó fọ́ yẹn. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mi ò rí i kó fọwọ́ kàn án rí.

"'Má dà á' ni ó yẹ kí n sọ."

Múnírù ki ṣíbí bọ inú abọ́.

"'Má dà á.' Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rí omi pẹ̀lú ojú mi, ìgbín ló wá sí mi lẹ́nu. Èmi ni mo fọ́ ọ lójú. Dárí jì mí."

Múnírù gbé abọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Mo ti dárí jì yín, Bàbá. Ó ti pẹ́."

"Tún un sọ kí n gbọ́."

"Mo dárí jì yín."

"Ó dáa," ni ọ̀gá wí. "Gbé kókò yẹn wá, ó ń tutù."

Múnírù sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé o gbọ́ ọ?" Mo ní mo gbọ́ ọ. Ó dúró sójú oòrùn, ó ń fi etí aṣọ nu ojú méjèèjì, èyí tó ríran àti èyí tí kò ríran.

Ọ̀gá wa kú ní ìrọ̀lẹ́ Alámísì. A sin ín lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ní Wagadúgù níbí. Múnírù ló wọ inú sàárè tó gbà á.